Oríkèé Ọ̀pá Ìwọ̀ Ọlọ́wọ́ Méjì
Skọ́tílándì, ìparí ọ̀rúndún 19. Igi greenheart láti Gùyánà, okùn, ìda.

Ọ̀pá ìwọ̀ tí apẹja ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú láti pa ẹja sámọ́nì gùn ju ohun tí ènìyàn lè gbé rìn lódindi lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gé e sí apá mẹ́ta. Wọ́n á fá ẹnu apá kọ̀ọ̀kan dagun, wọ́n á gbé ojú pẹlẹbẹ méjèèjì lé ara wọn, wọ́n á sì fi okùn tí wọ́n ti fi ìda pa wé e pinpin, láìsí àlàfo kankan láàárín okùn. Ní odò Spey, níbi tí igi ti sún mọ́ etí omi, apẹja máa ń yí ọ̀pá po kí okùn ìwọ̀ má bàa há sẹ́yìn rẹ̀, yíyí yìí sì máa ń lọ́ oríkèé. Oríkèé onídẹ, ìyẹn ihò tí wọ́n ń ki orí apá kejì bọ̀, lè tú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fi okùn wé dáadáa kì í yẹ̀, ọ̀pá á sì tún máa tẹ̀ geerege láti ìdí dé ṣóńṣó. Ẹwà iṣẹ́ yìí hàn kedere nínú ọ̀pá Vibration tí Alexander Grant ará Inverness ṣe, ẹni tó tún ń ṣe fáólìnì. Téèpù ni ọ̀pọ̀ apẹja ń wé mọ́ oríkèé ọ̀pá carbon lóde òní.