Owó ìrànwọ́ òkè òkun ń gbẹ: níbo ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń bi ìjọba léèrè ní Kétu yóò ti rí tiwọn?

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbẹ́ kànga sí abúlé kan ní ilẹ̀ Kétu, kò ní pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò bá a dá sí i. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó tàbí ní Paris á fi owó ránṣẹ́, àwọn ìjọ á dáwó, àjọ òkè òkun náà á wá ya fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Ṣùgbọ́n ká ní ẹgbẹ́ mìíràn wà tó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó kànga tí mérì ti kọ sínú ètò ìṣúná lọ́dún tó kọjá. Ta ni yóò fún ìyẹn lówó? Ọ̀rọ̀ tí a gbé yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni fún àwọn ará ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Kétu, Pobè, Sakété, Adja-Ouèrè àti Ifangni wà. Komíínì márààrún yìí wà lára 77 tó wà ní orílẹ̀-èdè náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò komíínì àkọ́kọ́, láàrin ìparí ọdún 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003, ọwọ́ komíínì ni ọ̀pọ̀ ohun tó kan ará ilé wà: ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, omi, ọjà, ọ̀nà abúlé. Komíínì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ètò ìdàgbàsókè tirẹ̀. Òfin ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 sì fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún ìwé ìjọba. Ẹ̀tọ́ náà wà lóòótọ́, àmọ́ òfin kì í ra epo sí ọ̀kadà ẹni tó fẹ́ yí gbogbo abúlé ká láti wò bóyá ohun tó wà nínú ìwé náà ló wà lórí ilẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé tí kò tíì pẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Sèmè wà lára mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ìdí-Ìrókò, tó dojú kọ Igolo ní komíínì Ifangni, kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí i. Nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún ló wà láàrin méjèèjì. Obìnrin tó ń ta gàrí àti ọkùnrin tó ń gbé ẹrù mọ ohun tí wọ́n pàdánù ní gbogbo àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó ṣírò rẹ̀, kó gbé e lọ sí Kútọnu àti Abùjá. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlànà ìjọba nìyẹn. Iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni, ó sì ń gba owó.

Níbo ni owó náà ti ń wá tẹ́lẹ̀? Lẹ́yìn àpérò gbogbogbò ti oṣù kejì ọdún 1990, tó mú ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo wá sópin, ẹgbẹ́ ará ìlú rú jáde bí olú. Àwọn bí ALCRER, FONAC àti Social Watch Bénin ń tọpa owó ìlú, wọ́n sì ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ọ̀pọ̀ owó tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, òkè òkun ló ti ń wá: Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìjọba Amẹ́ríkà, Jámánì, Switzerland, pẹ̀lú àwọn àjọ aládàáni olówó.

Kànga yẹn ti ń gbẹ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà sí òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, USAID kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 2023, àjọ Open Society tí George Soros dá sílẹ̀ ti kéde pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ òun kù lọ́nà tí kò ní dín ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ní Nàìjíríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àjọ MacArthur bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan lórí ìwà ìbàjẹ́ lọ́dún 2015. BudgIT, tó ń túmọ̀ ètò ìṣúná fún ará ìlú, wà lára àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Ètò yẹn náà parí ní 2024. MacArthur kò sá lọ lójijì o, ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun yóò lọ. Ṣùgbọ́n yálà wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ tàbí wọn kò sọ, ẹgbẹ́ tó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹni náà bá yẹrí ni ẹrù yóò wó lulẹ̀.

Gbogbo ilẹ̀kùn kọ́ ló tì. Àkọ́kọ́ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó ní ọ́fíìsì ní Kútọnu. Ìpele méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà gba ìwé: ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ kọ àlàyé ṣókí, àwọn tó bá yege níbẹ̀ ni wọ́n á ní kó wá kọ ìwé kíkún. Owó wọn pọ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dènà ẹgbẹ́ kékeré, nítorí wọn kì í fẹ́ fi owó ńlá sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ná irú rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìgbèríko kò mọ̀. Òfin Yúróòpù gba ẹgbẹ́ ńlá tó bá gba owó náà láyè láti pín nínú rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ohun tí ẹgbẹ́ kékeré kan lè gbà lọ́nà yìí kì í sábà ju 60,000 owó yúrò lọ. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 39 owó sẹ́fà, kì í sì í ṣe owó kékeré ní Kétu.

Ìkejì ni Owó Àkànlò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún Ìjọba Tiwa-n-tiwa, UNDEF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005. Ẹgbẹ́ ará ìlú ni wọ́n ń fún lówó jù lọ. Iṣẹ́ ọdún méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà, owó rẹ̀ sì ti máa ń wà láàrin 100,000 sí 300,000 dọ́là. Wọ́n ń gba ìwé ní èdè Faransé, kò dà bí ọ̀pọ̀ àjọ mìíràn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́.

Ìkẹta wà fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin. African Women's Development Fund, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra, ń fún ẹgbẹ́ obìnrin ní Áfíríkà lówó. Ọmọ Yorùbá, Bisi Adeleye-Fayemi, wà lára àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́jà tó fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ owó orí ọjà lọ àwọn kí wọ́n tó fi kún un, irú iṣẹ́ tí àjọ bẹ́ẹ̀ lè fetí sí ni.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ní Kútọnu mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé sí Brussels, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé Idigny tàbí Adakplamè. Wọn kò lè mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi bà jẹ́ níbẹ̀, wọn kò sì gbọ́ èdè tí ìyá àgbà fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà ní abúlé ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, lójú tiwa, ọ̀nà tó yá jù fún ẹgbẹ́ kékeré ni pé kó lọ bá ẹgbẹ́ ńlá kí ìkéde owó tó jáde, kó gbé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dání, kó sì ní, "Ohun tí a mọ̀ rèé." Bí ìkéde bá ti jáde tán, gbogbo ènìyàn ni yóò máa sáré, àyè ìjókòó sọ̀rọ̀ kò ní sí mọ́.

Kí ni ẹni tó ń fúnni lówó máa ń béèrè? Yóò béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba mọ̀, òfin ẹgbẹ́, ìwé ìpàdé tí wọ́n fi yan àwọn olóyè, nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní IFU, àkáǹtì báńkì tó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ (kì í ṣe ti alága), àti ìṣírò owó ọdún tó kọjá. Ìṣírò owó yìí ló máa ń kọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò gba owó kankan rí á ní kò sí ohun tí òun fẹ́ ṣírò. Ó wà! Owó ìpàdé tí ẹ dá, owó ọkọ̀ tí ẹ san lọ sí Pobè, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹgbẹ́ mọ̀ nípa àwọn àjọ aládàáni Amẹ́ríkà bíi Ford àti MacArthur. Láti 1969 ni òfin orílẹ̀-èdè wọn ti sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ya owó sọ́tọ̀ fún kí ẹnì kan lọ rọ aṣòfin láti fọwọ́ sí òfin kan pàtó tàbí láti kọ̀ ọ́. Wọ́n lè sanwó fún ìwádìí, fún ìlànilọ́yẹ̀ àti fún ìpàdé ìta gbangba. Ẹgbẹ́ tó bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "a fẹ́ kí aṣòfin fọwọ́ sí òfin yìí", ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ti òṣèlú tilẹ̀ tún burú jù. Bí alága ẹgbẹ́ bá ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú kiri, kò sí ìwé tó lè fọ̀ ọ́ mọ́ lójú olówó.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kétu kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi aláṣẹ léèrè. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan lára ogún ìní aráyé, Kétu ni wọ́n máa ń tọ́ka sí bí orísun rẹ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, olórin á bọ́ síta, á sì fi orin tú àṣírí ẹni tó hùwà ìkà, ì báà jẹ́ ẹni ńlá. Kò sí àjọ òkè òkun tó ń sanwó orin náà. Àwọn ará àdúgbò ló ń bára wọn gbé e, àwọn kan náà ló sì ń jókòó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè sọ fún ọlọ́jà pé àjèjì ló bẹ olórin níṣẹ́.

Ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n fi ń kan àwọn ẹgbẹ́ òde òní. Bí wọ́n bá ti bi mérì léèrè owó, kíá ni wọ́n á ní, "Òyìnbó ló rán wọn." Ìdáhùn tó dára jù lọ ni ìwé àjọ. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ ogójì ń dá 500 sẹ́fà lóṣooṣù. Owó ọdún kan á jẹ́ 240,000. Kò lè san owó oṣù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó tó fi ṣe ẹ̀dà ìwé ètò ìṣúná, ó tó ra epo ọ̀kadà dé àwọn abúlé díẹ̀, ó sì tó pe ìpàdé kan. Àwọn olówó kan tún máa ń ní kí ẹgbẹ́ mú ìpín tirẹ̀ wá. Bí wọ́n bá béèrè ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí iṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin sẹ́fà, 200,000 ni. Ẹgbẹ́ ogójì ènìyàn yìí ti ní in lọ́wọ́, ó tún ṣẹ́ kù.

Èyí kò ní kí a má gba owó òkèèrè o. Iṣẹ́ tó gba ọdún méjì, tó kan komíínì márùn-ún, owó àjọ nìkan kò lè gbé e. Ohun tí à ń sọ ni pé kí owó òkèèrè bá iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kó má ṣe òun ni yóò bí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí olówó bá lọ, ẹni tó ń ka iye ẹ̀rọ omi ní Idigny yóò ṣì máa kà á, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló máa fi rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan mẹ́ta ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, tí kò ná yín ní owó gọbọi. Ẹ lọ sí mérì, kí ẹ fi ìwé béèrè ètò ìṣúná ọdún yìí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n bá fi òǹtẹ̀ lù fún yín. Ẹ ṣí ìwé kan tí ẹ ó máa kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo, yálà omi, ilé ìwé tàbí ọjà, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí nípa rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìkéde owó bá jáde, ìwé mẹ́ta yẹn ni yóò ṣáájú yín wọlé.