Ìpalára Tábà àti Bí Ènìyàn Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ bàbá kan ní àdúgbò yín tí kì í lè sùn ní òru nítorí ikọ́. Bí ó bá rìn díẹ̀ ní ọ̀nà oko, a dúró, a sì máa mí gúlegúle. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa wí pé ayé ni ó ń bá a jà; wọn a ta ewúrẹ́, wọn a yá owó, wọn a sì máa ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í rántí bi í léèrè pé: “Bàbá, láti ọdún mélòó ni ẹ ti ń fa sìgá?” Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Ibi tí tábà ti wá

Tábà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá; àwọn oníṣòwò òyìnbó ni wọ́n sì gbé e dé etí òkun wa. Ní ayé òwò ẹrú, tábà tí wọ́n gbìn ní Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì wà lára ọjà tí a fi ń ra ènìyàn ní èbúté Ouidah, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Nígbà tí ó yá, àwọn àgbẹ̀ tiwa náà gbìn ín, pàápàá ní Ìṣẹ́yìn àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn yòókù, ó sì mú owó wá fún wọn. A kò sọ èyí láti bu àgbẹ̀ kankan kù. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ohun tí a fi ra ẹrú nígbà kan rí ṣì ń sọ ènìyàn di ẹrú títí di òní.

Ohun tí ń di ènìyàn mú

Nínú ewé tábà ni oró kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá sínú, oró yìí a gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì dé ọpọlọ láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20. Níbẹ̀ ni ó ti ń mú kí ara yá ẹni náà fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá ti dín kù, ara a tún béèrè rẹ̀: inú a máa bí i, orí a máa fọ́ ọ, kò sì ní lè fi ọkàn sí iṣẹ́. Yóò tún tan òmíràn. Bí ó bá pẹ́ títí, kò fa sìgá nítorí adùn mọ́, bí kò ṣe kí ara má baà ni í. Èyí ni a ń pè ní bárakú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ó fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀ níbi ìnáwó kì í mọ ìgbà tí ó di ogún lójúmọ́.

Ohun tí èéfín ń bàjẹ́

Nikotíìnì nìkan kọ́ ni ó wà nínú èéfín. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà tí ó lé ní 7,000 nínú èéfín sìgá, ó kéré tán 69 nínú wọn ni ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí èéfín ti ń sọ àjà ilé ìdáná di dúdú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà inú sìgá ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ihò kéékèèké tí a fi ń gba afẹ́fẹ́ a bàjẹ́, a kò sì lè tún wọn ṣe mọ́. Ikọ́ àti èémí kúkúrú tí a sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ń ti ibẹ̀ wá. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú a máa le, wọn a sì máa dí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn, ènìyàn lè ṣubú lulẹ̀ kí ó kú lójijì. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ, ó lè di àrùn rọpárọsẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà a máa tètè mú ẹni tí ń fa sìgá ju ẹni tí kò fà á lọ.

Kí ẹni tí ń lo aáṣáà má ṣe rò pé òun ti bọ́. Kò ní èéfín, ṣùgbọ́n ó ní nikotíìnì, tábà tí a sì ń fi sí ẹnu lè fa jẹjẹrẹ ẹnu. Àgbẹ̀ tí ń já ewé tábà tí ìrì tàbí òjò wà lára rẹ̀ pàápàá lè gba oró náà láti ara awọ rẹ̀, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí ó sì máa bì.

Ẹ̀rí tí ó dájú

Ní 1951, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ìgbésí ayé àwọn dókítà ọkùnrin tí ó lé ní 34,000. Wọ́n kọ ẹni tí ń fa sìgá sílẹ̀ àti ẹni tí kò fà á, pẹ̀lú irú ikú tí ó pa olúkúlùkù. Aádọ́ta ọdún ni a fi ṣe iṣẹ́ náà. A rí i pé àwọn tí kò jáwọ́ nínú sìgá ń kú ní nǹkan bí ọdún 10 ṣáájú àwọn tí kò fà á rí. Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la: ọ̀dọ́mọkùnrin fà á lónìí, kò rí nǹkan kan, àrùn a dúró dè é di ìgbà tí ó yẹ kí ó máa bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Ewu náà kò mọ sára ẹni tí ń fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ lọ́dọọdún, àti pé ó lé ní mílíọ̀nù 1 nínú wọn tí kò fa sìgá, èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà símú. Aboyún tí ń mí irú èéfín bẹ́ẹ̀ lè bí ọmọ tí kò tó bí ó ti yẹ. Ọmọdé inú ilé náà a sì máa ní ikọ́ sémìísémìí àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn bárakú mìíràn

Irú ìdè kan náà wà nínú igbó, nínú ọtí líle, àti nínú oògùn ikọ́ tí ó ní kòdéìnì, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe rẹ̀ àti kíkó o wọlé ní 2018. Tramadol jẹ́ oògùn ìrora tí dókítà ń fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ àti alágbàṣe kan ń gbé e mì kí iṣẹ́ má baà rẹ̀ wọ́n. Ó lè mú kí gìrì gbé ènìyàn. Bí a bá sì fi ọtí lé e, ó lè dá èémí dúró.

Bí a ṣe lè bọ́

Ìlẹ̀kùn kò tíì tì. Ìwádìí àwọn dókítà kan náà fi hàn pé ẹni tí ó jáwọ́ nígbà tí ó di ọmọ 60 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún 3. Ẹni tí ó jáwọ́ ní 50 jèrè 6. Ẹni tí ó jáwọ́ ní 40 jèrè 9. Lẹ́yìn ọdún 1 tí a ti fi í sílẹ̀, ewu àrùn ọkàn tí sìgá ń fà a dín kù ní ìdajì.

Kí ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ mú ọjọ́ kan, kí ó sọ ọ́ fún àwọn ará ilé kí wọ́n lè ràn án lọ́wọ́, kí ó sì kó sìgá àti ìṣáná kúrò nílé. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó le jù. Bí ó bá tún ṣubú, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọtí ti di bárakú fún kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìkọ́kọ́ rí dókítà, nítorí ó léwu. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Òfin tábà tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2015 kò gbà kí a ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, kò sì gbà kí a máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ ra sìgá, ẹ má sì ṣe ní kí ó bá yín fi iná sí i. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.