Oyè Chacha ti Ouidah àti Àwa Ọmọ Òkè Ìdàáṣà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ìdílé kan sì wà tó jẹ́ pé oyè ni wọ́n ń wò. Ní orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀, láàrin àwọn ìdílé tó ń jẹ́ orúkọ Potogí, kò sí oyè tó lókìkí tó Chacha, oyè ìdílé de Souza ní Ouidah. Àwọn òyìnbó tó bẹ ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ wò pè é ní igbákejì ọba, débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ọba ilẹ̀ Potogí ló fi oyè náà ránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a wà ní Akofodjoulè àti ní ẹsẹ̀ gbogbo òkè mọ́kànlélógójì Ìdàáṣà ní ìdí pàtàkì láti mọ ìtàn oyè yìí, nítorí pé òwò tó gbé e ga kan àwọn baba ńlá tiwa náà.

Akọ̀wé tó di olóyè

Ní 1754 ni a bí Francisco Félix de Souza ní Salvador, ní agbègbè Bahia, nígbà tí Bràsíìlì ṣì wà lábẹ́ àwọn Potogí. Ìtàn ìdílé rẹ̀ so ó mọ́ Tomé de Sousa, gómìnà àgbà àkọ́kọ́ ní Bràsíìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé etíkun wa ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò bá ọlá kankan dé. Iṣẹ́ akọ̀wé àti olùtọ́jú ẹrù ni ó ṣe ní ilé olódi São João Baptista de Ajudá, èyí tí àwọn Potogí kọ́ sí Ouidah ní 1721. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ òwò fúnra rẹ̀.

Òwò yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti Ọba Adandozan ti Dàhòmì, tí ọba fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Abomey. Ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni òun àti ọmọ ọba kan, Gakpe, ti mulẹ̀. Nígbà tí Gakpe lé Adandozan kúrò lórí ìtẹ́ ní 1818, de Souza ti fi ẹrù àti ohun ìjà ràn án lọ́wọ́. Gakpe di Ọba Ghezo, ó sì san oore: ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ joyè Chacha. Àwọn kan so orúkọ yìí mọ́ ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí kíákíá.

Nítorí náà, ọba aláwọ̀ dúdú ni ó dá oyè náà sílẹ̀. Chacha kì í sì í ṣe ọba lórí Ouidah. Yovogan, ìjòyè tí Abomey yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó, ṣì wà ní ipò rẹ̀. Aṣojú ọba nínú òwò ni Chacha jẹ́.

Ohun tí wọ́n ń tà

Kí ni ọjà náà? Ènìyàn ni. Ní 1815, Potogí bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní ra ẹrú mọ́ ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Ouidah sì wà ní apá ibẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn àdéhùn yìí gan-an ni òwò de Souza gbèrú jù lọ. Ẹni tí ayé ń pè ní ọlọ́lá Potogí ń ṣe òwò tí ìjọba Potogí ti fọwọ́ sí ìwé pé kò gbọdọ̀ wáyé.

Ogun ni Dàhòmì fi ń kó àwọn tí wọ́n ń tà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọmọ ogun Abomey a jáde lọ sí ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ Yorùbá. Ìdàáṣà kò yọ sílẹ̀. Àpáta tí a ń wò lónìí bí ẹwà ìlú ni àwọn àgbà wa sá gùn kí wọ́n má baà di ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ rìn dé Ouidah. Ní Bahia, Nagô ni wọ́n ń pe àwọn tó ń sọ èdè wa.

Lára àwọn Nagô yìí, àwọn kan gba òmìnira, wọ́n sì padà wá, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835 tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Salvador. Wọ́n tẹ̀dó sí Ouidah, Agoué, Porto-Novo àti Èkó, a sì ń pè wọ́n ní Àgùdà. Orúkọ Potogí ni àwọn náà ń jẹ́. Ẹ kíyè sí i: ọmọ ẹni tó ta ènìyàn àti ọmọ ẹni tí wọ́n tà lè jẹ́ irú orúkọ kan náà ní àdúgbò kan náà.

Oyè kan lábẹ́ ọba méjì

Nígbà tí de Souza kú ní 1849, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ghezo ni ó fi ọmọ rẹ̀, Isidoro, sípò Chacha. Láti ìgbà náà, ìdílé de Souza ló ń jẹ oyè náà, ṣùgbọ́n Abomey ló ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Julião de Souza fojú ara rẹ̀ rí i. Ní 1885, nígbà tí ó wà lórí oyè, ó ṣe agbódegbà àdéhùn tó fi Dàhòmì sábẹ́ ààbò Potogí. Ọba Glele sọ pé òun kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1887, ó mú Julião. Nígbà tí ọdún náà fi parí, Potogí ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Oyè tí ọba kan fi ta ọ́ lọ́rẹ kò ṣeé gbé lọ fún ọba mìíràn.

Ìjọba Dàhòmì ṣubú sọ́wọ́ Faransé, ṣùgbọ́n oyè náà kò parun. Ní 1995, ìdílé náà fi Chacha kẹjọ jẹ. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ de Souza ti sin orílẹ̀-èdè yìí: Paul-Émile de Souza ṣe olórí ìjọba láti òpin 1969 di 1970; Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì 1990, tó mú ìjọba tiwa-n-tiwa padà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ìtàn tó kù láti kọ

A kò ní kí ọmọ òní jíhìn ohun tí baba ńlá rẹ̀ ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtàn náà lápá méjì. Ní Ouidah, a lè ka orúkọ àwọn Chacha lẹ́sẹẹsẹ, a sì lè dúró ní gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ wọn, níbi tí ọ̀nà ẹrú ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 4 sí òkun. Ta ni ó to orúkọ àwọn tí wọ́n kó láti orí òkè wa lẹ́sẹẹsẹ? Inú oríkì ìdílé, inú orúkọ àpáta àti ihò òkúta, àti lẹ́nu àwọn àgbà nìkan ni díẹ̀ nínú rẹ̀ kù sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Akofodjoulè, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ogun Dàhòmì mú nínú ìdílé yín, òkè wo ni àwọn tó kù sá gùn, kí ni wọ́n jẹ níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Faransé pẹ̀lú, kí ọmọ Ouidah náà lè kà á.