Wárápá Kì í Ṣe Dìgbòlugi: Ìlàlóye fún Àwọn Tó Ń Sin Ajá ní Ìlaròó àti Agbègbè Yewa

Ìdájí ni, ilé ṣì dákẹ́. Ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣàdédé na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọnran bí igi. Orí rẹ̀ yí sẹ́yìn, eyín rẹ̀ ń pa keke, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ, ó sì tọ̀ sára. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi dáwọ́ dúró. Ó dìde, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó forí sọ ògiri, kò dá olówó rẹ̀ mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti ń wá oúnjẹ kiri.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ládùúgbò ló ń dùn wá. Ẹnì kan á pariwo "Dìgbòlugi!", igi àti òkò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ajá tí hóró òògùn àárọ̀ àti ti alẹ́ ì bá gbé dọ́jọ́ ogbó. Nítorí irú ajá bẹ́ẹ̀ ni àwa dókítà ẹran ṣe kọ ìwé yìí.

Kí ló ń ṣe é?

Nínú ọpọlọ, iná tí kò tó nǹkan ni àwọn fọ́nrán kéékèèké fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí iná náà bá ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ara á gbọ̀n. Bí èyí bá ń padà wá léraléra, wárápá nìyẹn. Kì í ràn. Itọ́ ajá oníwárápá kò lè kó wárápá ran ọmọ yín, kò sì lè kó o ran ajá mìíràn. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́fà tí wọ́n bí ajá. Ìran Alsatian, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣọ́lé, wà lára àwọn tó máa ń ní in.

Dìgbòlugi yàtọ̀. Ajá oníwárápá máa ń padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ láàárín ìgbà tó bá gbọ̀n àti ìgbà mìíràn: á jẹun, á juru, á dá yín mọ̀. Ti dìgbòlugi ń burú sí i lójoojúmọ́ ni. Ìwà ajá á yí padà, á máa bu ohun tí kò ṣe é jẹ, ohùn rẹ̀ á há, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, kò ní lè gbé omi mì. Ó sábà máa ń kú kó tó pé ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bá gbọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀. Ẹ sé e mọ́ ibi kan, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Bí ó bá ti bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má pa ajá náà kí ẹ sì sọ ọ́ nù. A ní láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń mú ajá gbọ̀n tí kì í ṣe wárápá rárá. Ní agbègbè tiwa, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ohun tó jẹ. Ọ̀tapiapia tí wọ́n fi pa eku tàbí aáyán lè gbọn ajá jìgìjìgì, kó sì pa á kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn wa. Kòkó tí a sá sóòrùn lóko Ayétòrò ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ theobromine, tí ara ajá kì í tètè mú kúrò. Obì náà ní i, ó sì ní caffeine mọ́ ọn. Abo ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ọmọ ń fa ọmú rẹ̀ gidigidi lè gbọ̀n nítorí calcium tó dín lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan lè gbà á là bí ẹ bá tètè dé. Ọmọ ajá tí aràn kún inú rẹ̀ lè gbọ̀n, àrùn tí wọ́n ń pè ní distemper náà sì ń fa gbígbọ̀n. Bí ẹ bá rí ike tàbí ọ̀rá ohun tó jẹ, ẹ mú un dání wá.

Bó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́

Ẹ wo aago. Lójú ẹni tó ń wo ajá rẹ̀ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú kan máa ń gùn bí wákàtí, aago nìkan ló sì lè sọ òótọ́ fún wa. Ẹ kó àga àti ìkòkò gbígbóná kúrò nítòsí. Bó bá wà létí àtẹ̀gùn tàbí kànga, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ fà á kúrò. Ẹ pa rédíò, ẹ ní kí àwọn ọmọdé bọ́ sẹ́yìn.

Ẹ má ti ọwọ́, ṣíbí tàbí igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ajá kì í gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ lè já ìka yín láìmọ̀ọ́mọ̀. Ẹ má da omi, epo pupa, àdín tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa bọ́ sí. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn àgbà ń lò fún gìrì ọmọdé ti ṣèpalára fún ọ̀pọ̀ ọmọ, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn sì ti kọ̀wé nípa ewu rẹ̀ láti nǹkan bí 1975. Ohun tó ń ṣe ọmọ ènìyàn léṣe kò lè wo ajá sàn.

Bí gbígbọ̀n náà bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, tàbí tó tó ẹ̀ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24, ẹ gbé e wá kíákíá. Ara rẹ̀ á ti gbóná. Ẹ máa fi omi lásán, kì í ṣe omi yìnyín, mú ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù lójú ọ̀nà.

Òògùn àti aago

Kì í ṣe gbogbo ajá tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan la ń fún lóògùn. Bó bá tó ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí tó pẹ́ jù, tàbí tó tẹ̀léra, a ó bẹ̀rẹ̀. Phenobarbital, tí wọ́n ti ń lò fún ènìyàn láti 1912, la sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Ìwọ̀n ara ajá la fi ń ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ má fún un ní iye tí wọ́n fún ajá aládùúgbò yín. Wákàtí méjìlá méjìlá ni: bí ti àárọ̀ bá jẹ́ aago méje, aago méje ni ti alẹ́. Bó bá fò yín, ẹ fún un ní ìgbà tí ẹ bá rántí, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, á máa sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa yẹ̀. Ebi àti òùngbẹ á máa pa á, á sì máa tọ̀ púpọ̀. Ẹ má fi omi dù ú, ẹ má sì jẹ́ kí ebi rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀bọ̀rọ̀kọ̀tì. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, a ó sì máa yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ìyeyè, tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá.

Ohun tó ń pa ajá oníwárápá jù níbi tí a ti ń rí i ni kí ara rẹ̀ balẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí olówó rẹ̀ wá ní ó ti san, kó sì dá òògùn dúró lójijì. Gbígbọ̀n tó ń tẹ̀lé èyí máa ń le ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí òde ní Èkó, ẹ fi òògùn àti aago lé ẹni tó mojútó ilé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó ń ná ọjà Ìdí-Ìrókò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Wọ́n ń ta òògùn kan náà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní orúkọ Gardénal. Òun náà ni, ṣùgbọ́n hóró kan lè jẹ́ 50 tàbí 100 mílígíráàmù, nígbà tó jẹ́ pé 30 ló wọ́pọ̀ nínú ti ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń fún ajá ní "hóró kan" gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lè fún un ní ìlọ́po mẹ́ta láìmọ̀. Iye mílígíráàmù ni kí ẹ máa kà. Òògùn tí òfin ń ṣọ́ sì ni, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Bí ẹ ó ṣe bá a gbé

Ẹ bo kànga. Ẹ má jẹ́ kó nìkan wẹ̀ lódò, ẹ má sì mú un lọ sóko ọdẹ lóru. Ní oṣù Kejìlá tí bánga ń dún, ẹ sé e mọ́ inú yàrá. Ẹ má fi í gùn, ẹ má sì ta ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sìn. A mọ̀ pé owó ni ọmọ Alsatian, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ni ẹ ń tà.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan. "Ọjọ́ Àìkú, aago 5:10 ìdájí, ìṣẹ́jú méjì, ó tọ̀ sára, ojú rẹ̀ wálẹ̀ ní aago 5:40. Wọn kò fún un ní òògùn alẹ́ àná." Ìlà kan bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa ju ìtàn wákàtí kan lọ. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kó fi fóònù gba fídíò. Òògùn lè má mú wárápá kúrò pátápátá. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù bá di ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, a ti ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá gbọ́ òògùn, a ó kọ̀wé fún yín láti gbé ajá náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, fídíò yẹn àti káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ ni kí ẹ mú dání.