Omi Ẹ̀fọ́ Tí À Ń Dà Nù, Oore Inú Rẹ̀ Kò Kéré

Bí ọ̀pọ̀ ìyá ilé bá ti ra tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ dé láti ọjà, wọ́n á já a, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, wọ́n á sì fún un títí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Inú gọ́tà ni omi náà ń lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé díẹ̀ lára oore tí wọ́n torí rẹ̀ ra ẹ̀fọ́ ti bá omi yẹn lọ.

Fítámìn C àti fólétì tó wà nínú ẹ̀fọ́ máa ń yòrò sínú omi, ooru iná sì tún máa ń bà wọ́n jẹ́. Bí ẹ̀fọ́ bá pẹ́ nínú omi púpọ̀ lórí iná, fítámìn C tó máa ṣòfò lè tó ìdajì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, fítámìn C yìí ló ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀fọ́, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Fólétì ní tirẹ̀ ṣe pàtàkì fún aláboyún, nítorí àìtó rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún lè ṣàkóbá fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fún àwọn aláboyún ní oògùn rẹ̀, ẹ̀fọ́ kò sì lè rọ́pò oògùn náà.

Kán-ún tí àwọn kan ń fi sí ewédú kí ó lè tètè rọ̀ tún ń dá kún òfò náà, torí ó máa ń ba fítámìn C àti B1 jẹ́.

Àmọ́ iná kọ́ ni ọ̀tá. Èròjà tí ara ń sọ di fítámìn A kì í yòrò sínú omi. Iná ló ń mú kí ewé rọ̀, kí èròjà náà lè jáde, epo ló sì ń jẹ́ kí ara rí i gbà. Epo pupa tí àwọn ìyá wa ń fi ro ẹ̀fọ́ kì í ṣe fún adùn nìkan.

Ọ̀rọ̀ èèpo náà kò yàtọ̀. Ó dára kí a fọ kárọ́ọ̀tì dáadáa dípò kí a bẹ ẹ́ nípọn, kí a sì se ọ̀dùnkún tèèpotèèpo. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí májèlé wà nínú èèpo rẹ̀, dandan ni kí a bẹ ẹ́ dànù. Bákan náà, ẹni tí dókítà bá sọ pé ó ní òkúta nínú kíndìnrín lè da omi tẹ̀tẹ̀ nù, nítorí omi náà máa ń fa lára èròjà tó ń di òkúta yìí kúrò nínú ewé.

Fún àwọn yòókù, ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí a fi omi tó mọ́ fọ ewé dáadáa kí a tó rẹ́ ẹ, kí ìdọ̀tí àti oògùn kòkòrò lè kúrò lára rẹ̀. Kí omi tí a ó fi bọ̀ ọ́ má pọ̀, kí a dé ìkòkò, kí ó má sì pẹ́ lórí iná. Èyí tó tún dára jù ni kí a da ewé sínú ata tó ti jinná, kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìpẹ́. Bí omi bá ṣẹ́ kù, inú ọbẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Owó ẹ̀fọ́ kò kéré mọ́ lọ́jà, kò yẹ kí gọ́tà máa bá wa pín in.