Ewé sàláàdì Ítálì ní ìbátan nílé wa

Tẹ́ ẹ bá kó irúgbìn ewé sàláàdì bọ̀ láti Ítálì wá sí Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko, ooru lẹ máa bá jà. Ọ̀pọ̀ irúgbìn lẹ́tọ́ọ̀sì kì í hù dáadáa bí iyẹ̀pẹ̀ bá gbóná ju 30°C lọ. Ẹ gbìn ín nírọ̀lẹ́, lábẹ́ ibòji, kó lè jẹ́ ìgbà tílẹ̀ tutù ló máa mumi. Ẹ tètè máa já a. Tí ooru bá mú un, á yọ òdòdó, ewé á sì korò.

Àmọ́ ṣé ẹ rántí yánrin? Ìdílé kan náà ni òun àti cicoria, ewé kíkorò táwọn ará Ítálì fẹ́ràn. Ẹ já ewé rẹ̀, oje funfun á yọ: inú oje yẹn ni kíkorò wà. Ooru wa ò dí i lọ́wọ́. Ẹ ri gbòǹgbò rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ lu nídìí, á hù. À ń jẹ ẹ́ ní tútù, à ń sè é. Lẹ́nu tèmi, ẹ̀gúsí ló bá a mu jù.