Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí géèjì sọ̀rọ̀

Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá ọdún, tí ìkórè kòkó bá ti wọlé, ọ̀nà Òwenà kì í sinmi. Ìlú yìí, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, jẹ́ ilẹ̀ kòkó pọ́ńbélé. Ibẹ̀ ni CRIN, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí kòkó ní Nàìjíríà, ní ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sí. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó kòkó jáde láti oko kì í sì í ṣe ọmọdé. Peugeot 504, tó jáde nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1968, tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1975, sì tò fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Nígbà tó bá yá, arúgbó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa mí hẹlẹ lórí òkè, kó máa tú èéfín, kó má sì fẹ́ jí láàárọ̀. Ohun tí ọlọ́kọ̀ sábà máa ń gbọ́ ni pé: “Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín ti kú, ẹ lọ ra Tòkunbọ̀.” Owó tí wọ́n fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ lè bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tó rẹ̀ ló kú. Géèjì kékeré kan wà tó lè sọ ibi tí àìsàn wà.

Nínú ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo bẹntiróò, ihò mẹ́rin ló wà tí písítìn ń lọ sókè sódò nínú wọn. Bí písítìn bá ń gòkè, á fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó ràn wọ́n. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ǹpúrẹ́ṣọ̀n. Bí ibì kan bá ń jò, agbára á sá lọ, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tó ti lu.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Mẹkáníìkì á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, á sì pa á. Bátìrì gbọ́dọ̀ lágbára, kí jíà wà ní fíríì, kí hándíbíréékì sì dúró. Á tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì yọ wáyà tó ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá nítòsí. Á de géèjì mọ́ ihò kìn-ín-ní, ẹnì kan á tẹ tọ́rótù dé ìsàlẹ̀, á sì yí kọ́kọ́rọ́ títí géèjì yóò fi fò bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Wọ́n á kọ iye tó mú sílẹ̀, wọ́n á sì ṣe bákan náà fún mẹ́ta yòókù.

Ẹni tó bá mọ géèjì tí wọ́n fi ń fún táyà á lóye rẹ̀. Táyà ọkọ̀ kékeré sábà máa ń gba nǹkan bí 30. Ihò ẹ́ńjìnnì bẹntiróò tó dá ṣáká sábà máa ń mú 120 sí 180. Ṣùgbọ́n ìdọ́gba ṣe pàtàkì ju gíga lọ. Èyí tó kéré jù kò yẹ kó rẹlẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù. Ká ní mẹ́ta mú 150, 145 àti 150, tí ìkẹrin mú 95. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 150 jẹ́ nǹkan bí 112. Aláìsàn ti fara hàn.

Wọ́n á wá da síbí ìjẹun kan ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sínú ihò náà, wọ́n á sì tún un wọ̀n. Bí iye náà bá gòkè dáadáa, ríǹgì tàbí sílíìfù ló ti jẹ. Bí kò bá kúrò lójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ihò méjì tó fara kanra bá jọ rẹlẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí omi rédíétọ̀ bá ń hó ṣùùṣùù tàbí tí ọ́ìlì dà bíi tíì onímílíìkì.

Bí gbogbo ihò bá rẹlẹ̀, kí wọ́n má tíì dájọ́. Bátìrì tó rẹ̀ tàbí tọ́rótù tí wọn kò tẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lè fa èyí. Kódà bí ríǹgì bá ti jẹ tán, sílíìfù 504 ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀ pẹ̀lú písítìn rẹ̀. Àtúnṣe nìyẹn, kì í ṣe òkú.

Ọkọ̀ dísù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Tirẹ̀ lè kọjá 300, géèjì ọ̀tọ̀ ló ń lò, wọn kò sì gbọdọ̀ da ọ́ìlì sínú ihò rẹ̀.

Ekuru ọ̀nà oko ló ń tètè jẹ ríǹgì, nítorí náà kí ọlọ́kọ̀ máa pààrọ̀ fíítà afẹ́fẹ́ lásìkò. Kó sì máa wo omi rédíétọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná jù ló máa ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá san owó ẹ́ńjìnnì nígbà tó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Kí ọlọ́kọ̀ béèrè iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé fún un kó tó ná kọ́bọ̀. Bó bá sì jẹ́ Tòkunbọ̀ ni yóò rà ní tòótọ́, kí wọ́n so bátìrì mọ́ ọn, kí wọ́n fi géèjì kan náà wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀ kó tó sanwó.